Agbaṣẹ́ṣe Ba Ilé Yín Jẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Gbà-má-bìínú

Àwọn tó wá tún òrùlé mi ṣe ló ṣí i sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn á padà wá parí rẹ̀ láàárọ̀. Tapólì kan ni wọ́n dà bò ó, wọn ò sì so ó. Òjò dé lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àjà yàrá méjì ti já wálẹ̀, omi ti wọ inú bẹ́ẹ̀dì, àwọn ìwé tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Inú bí mi débi pé mo lé àwọn òṣìṣẹ́ náà jáde, mo da gbogbo ohun tó bàjẹ́ nù lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì pe ẹlòmíràn kó wá tún un ṣe. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni agbaṣẹ́ṣe náà bi mí: "Níbo ni ohun tí a bà jẹ́ wà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbínú mi ti da ẹ̀rí mi nù.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí mo rí lára àwọn tí mo ti bá dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni gbogbo wọn máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wá owó gbà-má-bìínú: kí ló bàjẹ́, ta ló bà á jẹ́, èló ni yóò ná yín láti dá a padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ẹ̀rí ló sábà máa ń gbowó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dá ewu dúró

Bí páìpù bá bẹ́, ẹ ti omi láti orísun rẹ̀. Bí omi bá ti dé ibi tí wáyà iná wà, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ pa iná gbogbo ilé láti ibi tó ti ń wọlé, bí ẹ bá lè débẹ̀ láìtẹ omi. Bó bá jẹ́ òórùn gáàsì lẹ ń gbọ́, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á. Ìta ni kí ẹ ti pe ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ pè. Ògiri tó gbé òrùlé dúró tó bá sán lójijì, ẹ má sùn sábẹ́ rẹ̀ títí ẹnjiníà yóò fi wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ohun tí agbára yín ká kí òfò náà má baà pọ̀ sí i. Òfin ń retí èyí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ẹ ò lè fi òrùlé sílẹ̀ fún òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ wá ka gbogbo ohun tí omi bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà sí agbaṣẹ́ṣe lọ́rùn. Ẹ bo ojú ihò, ẹ gbọ́n omi, ẹ kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Owó tí ẹ bá ná sórí èyí, bó bá mọ níwọ̀n, ẹ lè kà á mọ́ ohun tí ẹ ó gbà, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó mọ sí àtúnṣe onígbà díẹ̀. Àtúnṣe gidi kò tíì kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹnikẹ́ni tó tún nǹkan ṣe

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni èmi ti pàdánù.

Ẹ ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ ya gbogbo yàrá, kí ẹni tí kò dé ilé yín rí lè mọ ibi tí ohun náà wà. Ẹ wá sún mọ́ ọn, kí ògiri tàbí ilẹ̀ tó bàjẹ́ kún ojú fọ́tò. Níkẹyìn ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ gbé rúlà tàbí ohun mìíràn tí gbogbo èèyàn mọ bó ṣe tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sísán kan lè dà bí ọ̀gbun nínú fọ́tò, ó sì lè dà bí okùn irun. Rúlà ni yóò sọ òótọ́. Ẹ tún ya fídíò, kí ẹ máa rìn láti yàrá dé yàrá láìdá a dúró, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń rí àti ọjọ́ tí ó jẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ èébú sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ pa fọ́tò náà mọ́ bí fóònù ṣe yà á. Nígbà tí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń fún un pọ̀, àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń sọnù. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara yín nípasẹ̀ ímeèlì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tó wà lórí ímeèlì náà yóò di ẹlẹ́rìí.

Ẹ má da ohun tó bàjẹ́ nù. Páìpù tí wọ́n lù, ẹ gé ibi tó bẹ́ náà pa mọ́, kí ẹ lẹ ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ sí mọ́ ọn lára. Ojú ihò kan náà lè fi hàn bóyá irin dírílì ló wọ̀ ọ́ tàbí ìpẹtà ló jẹ ẹ́. Bí ohun náà bá tóbi ju èyí tí ẹ lè tọ́jú lọ, ẹ kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe pé kó wá wò ó kí ọjọ́ báyìí tó pé, nítorí ẹ fẹ́ kó o kúrò. Bó bá kọ̀ tí kò wá, ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.

Ní ti ògiri tó sán, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Sísán tó ń gùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ yàtọ̀ gédégbé sí èyí tó ti wà lójú kan láti ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí agbaṣẹ́ṣe yóò sì kọ́kọ́ sọ nìyẹn: "A bá a bẹ́ẹ̀ ni." Ìdáhùn rẹ̀ lè wà níbi tí ẹ ò rò. Ẹ lọ wo àwọn fọ́tò àtijọ́ nínú fóònù yín àti ti àwọn ẹbí. Fọ́tò ọjọ́ ìbí ọmọ tí wọ́n yà nínú pálọ̀ lè fi ògiri hàn lẹ́yìn àwọn èèyàn, láìsí sísán kankan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á. Obìnrin kan tí mo mọ̀ fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo parí àríyànjiyàn oṣù mẹ́rin. Ẹni tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀ tó ń ka èyí, kó dìde lónìí kó ya gbogbo ilé láti igun dé igun kí òṣìṣẹ́ kankan tó wọlé.

Ẹ ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan: ẹni tó wá, wákàtí tó dé, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ohun tó sọ. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé "Ẹ má bínú, a ò mọ̀ pé páìpù wà níbẹ̀", ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má fi kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè?

Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan lẹ gbé gbogbo iṣẹ́ fún, tí òun fúnra rẹ̀ mú pùlọ́ńbà àti káfíńtà wá, òun lẹ ó bi. Kò lè sọ pé kí ẹ lọ bá pùlọ́ńbà. Àárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń sanwó fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ba nǹkan jẹ́ gan-an lẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀tọ́ yín sábà máa ń gbà wá. Èkíní ni àdéhùn: bí wọn ò bá tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, òfin ibi púpọ̀ kà á sí pé ẹni tó gbaṣẹ́ ti ṣèlérí láti fi ọgbọ́n àti ìṣọ́ra tó yẹ ṣe é. Èkejì ni àìbìkítà: ó yẹ kó ṣọ́ra, kò ṣọ́ra, àìṣọ́ra rẹ̀ ló sì fa òfò yín. Aládùúgbò tí iṣẹ́ ilé yín ba ògiri rẹ̀ jẹ́, tí kò bá agbaṣẹ́ṣe ṣe àdéhùn kankan, ọ̀nà kejì yìí ló máa ń gbà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bàjẹ́ ló ní ẹlẹ́bi. Bí ẹ bá sọ fún onítáìsì pé kò sí páìpù nínú ògiri yẹn, tó sì lu ògiri nítorí ọ̀rọ̀ yín, apá kan nínú ẹ̀bi náà lè padà sọ́dọ̀ yín, kí owó yín sì dín kù. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí kí ẹlòmíràn tó bi yín. Ẹ tún ka àdéhùn yín dé ìparí. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "a kò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá bàjẹ́", ẹ má tíì sọ̀rètí nù: ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bo àìbìkítà mọ́lẹ̀ bó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ.

Ẹ ya iṣẹ́ tí kò dára sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí iṣẹ́ náà bà jẹ́. Bí táìsì tí wọ́n tẹ́ bá wọ́, iṣẹ́ tí kò dára nìyẹn. Bí wọ́n bá fọ́ báàfù tó ti wà níbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ, ohun ìní yín ni wọ́n bà jẹ́. Ẹ kọ wọ́n sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé adójútòfò agbaṣẹ́ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìnṣọ́ránsì, sábà máa ń sanwó fún báàfù, kì í sì í sanwó láti tún táìsì tẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe

Ẹ lè pè é lórí fóònù, ṣùgbọ́n kí ìwé tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ráńpẹ́ ti tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, fọ́tò mélòó kan, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó wá wò ó. Ẹ má tíì dárúkọ iye owó. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kó wá, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ sì ni adájọ́ yóò ṣe bi yín bóyá ẹ fún un láyè. Bó bá ní òun yóò tún un ṣe fúnra òun, ọ̀pọ̀ àdéhùn àti òfin ló fún un ní àǹfààní yẹn lákọ̀ọ́kọ́, tí ẹ bá sì kọ̀ láìnídìí, ó lè pa yín lára. Ẹ lè kọ̀ bí iṣẹ́ náà bá kọjá ohun tó mọ̀, tàbí bí ó bá léwu. Bí ẹ bá gbà, ẹ kọ ohun tí yóò ṣe, ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀ àti ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe. Bó bá gbé owó díẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ má buwọ́ lù ú. Omi tó wọ abẹ́ ilẹ̀ pátákó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e sókè, èbu inú ògiri kì í sì í yọjú lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò owó náà

Ẹ gba ìwé ìdíyelé lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta tí wọn kò bá agbaṣẹ́ṣe yín tan. Kí wọ́n ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́. Ìdíyelé tó kàn kọ "àtúnṣe yàrá" pẹ̀lú iye owó kan kò wúlò. Bí ẹ bá ń jiyàn lórí ohun tó fa ìbàjẹ́ náà, ẹ wá ẹnjiníà tàbí ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, kó kọ àyẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ògiri àti ìpìlẹ̀, mo rò pé owó tí ẹ bá ná sórí ìyẹn kì í ṣòfò.

Yàtọ̀ sí owó àtúnṣe, ẹ ka owó ìdáàbòbò onígbà díẹ̀, ẹrù inú ilé tó bàjẹ́, owó ìmọ́tótó, owó ibi tí ẹ lọ gbé bí ilé kò bá ṣeé gbé, àti owó ilé tí ayálégbé kò san nítorí ìbàjẹ́ náà. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀.

Ohun tí owó gbà-má-bìínú wà fún ni kí ó dá yín padà síbi tí ẹ wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yọ owó gbígbó kúrò lórí ẹrù àtijọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó lo ọdún 10, tí ẹ ti lò fún ọdún 6, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè owó kápẹ́ẹ̀tì tuntun pátápátá yóò bá àtakò pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lo àǹfààní yìí láti fi mábù rọ́pò táìsì lásán: ìyàtọ̀ owó náà, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti jáde.

Òfò tó jìnnà sí ìbàjẹ́ náà tún ní ìdíwọ̀n tirẹ̀. Lọ́dún 1854, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà ṣì ń pè ní Hadley v Baxendale. Ọ̀pá ẹ̀rọ ilé ìlọ ọkà kan ní Gloucester ló kán, wọ́n sì gbé e fún àwọn akẹ́rù láti gbé lọ fún àwọn tí yóò wò ó ṣe òmíràn. Akẹ́rù pẹ́, ilé ìlọ náà wà ní títì pa fún ọjọ́ mélòó kan sí i, àwọn tó ni ín sì ní kí akẹ́rù san èrè tí àwọn pàdánù. Ilé ẹjọ́ kò gbà: èrè yẹn kì í ṣe ohun tí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ sábà ń fà, kò sì sí nínú ohun tí àwọn méjèèjì lè ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣàdéhùn. Ìlànà yìí ṣì wà nínú òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí ayálégbé yín bá ń kó wọlé lọ́jọ́ kan pàtó, tàbí tí ẹ ń ṣòwò nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, ẹ kọ̀wé sọ fún agbaṣẹ́ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irú òfò bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá ti mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ lè béèrè owó rẹ̀.

Bí owó iṣẹ́ bá ṣì kù lọ́wọ́ yín, ẹ má sáré di gbogbo rẹ̀ mú. Ẹ di ìwọ̀n tó tó ìbàjẹ́ náà mú, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá di odindi owó mú nítorí báàfù kan lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́tà ìbéèrè owó

Ìsinsìnyí ni iye owó kàn. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé adájọ́ ni yóò kà á:

"Ní ọjọ́ báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín lu páìpù omi inú ògiri ilé ìdáná mi. Omi náà ba àjà yàrá ìsàlẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù méjì àti ilẹ̀ pátákó jẹ́. Mo so fọ́tò 14, ìwé àyẹ̀wò kan àti ìdíyelé mẹ́ta mọ́ lẹ́tà yìí. Iye tí mo ń béèrè nìyí, mo sì ti tò ó sí ojú ìwé kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án, tàbí kí ẹ kọ èrò yín sí mi, láàárín ọjọ́ 14. Bí ẹ bá ní adójútòfò, ẹ fi lẹ́tà yìí hàn wọ́n. Bí mi ò bá gbọ́ lẹ́nu yín títí di ọjọ́ yẹn, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́."

Ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ fi lè fi hàn pé ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì sọ pé ẹ ó bà á lórúkọ jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí kò bá sanwó. Níbòmíràn, ìhàlẹ̀ láti fi gbowó lè di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ẹ̀tọ́ yín sì yí padà di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ keje: adójútòfò

Bí ẹ bá ní ìwé adójútòfò lórí ilé yín, ẹ tètè sọ fún wọn, kódà bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe lẹ fẹ́ kó san án. Ìfisùn tó pẹ́ jù lè mú kí wọ́n kọ̀. Bí wọ́n bá sanwó fún yín, ẹ̀tọ́ láti lépa agbaṣẹ́ṣe fún owó yẹn sábà máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹ bá agbaṣẹ́ṣe parí ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ láìsọ fún wọn. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ ta ẹ̀tọ́ tí kì í ṣe tiyín nìkan mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: onílàjà, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe wà nínú rẹ̀ bá ń gbọ́ ẹ̀sùn, tàbí tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ń fún irú wọn ní ìwé àṣẹ, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Onílàjà tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán náà lè parí rẹ̀ ní ìjókòó kan. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí "a ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀" gba àkókò lọ: òfin ọ̀pọ̀ ibi ló ní gbèdéke ọdún tó jẹ́ pé bó bá kọjá, ẹjọ́ kò ní ṣeé pè mọ́. Ẹ béèrè iye rẹ̀ níbi tí ẹ wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ibi ló ní kóòtù fún ẹ̀sùn owó kékeré, níbi tí ìlànà ti rọrùn, tí èèyàn sì lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ láìgba lọ́yà. Bí owó náà bá pọ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan ìpìlẹ̀ ilé, ẹ lọ bá lọ́yà. Ẹ rí i dájú pé orúkọ ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ pé: ṣé èèyàn ni, àbí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ló ti fìdí rẹmi síbí yìí. Ẹ to ẹ̀rí yín tẹ̀ léra láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ẹ̀dà fún adájọ́ àti fún agbaṣẹ́ṣe náà.

Kí ẹ tó náwó sórí ẹjọ́, ẹ wádìí bóyá agbaṣẹ́ṣe náà ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ lórí ẹni tí kò ní nǹkan kan, ìwé lásán ni. Nígbà míì, ó sàn kí ẹ gba èyí tó lè san díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn pé bó bá fo ọjọ́ kan, gbogbo èyí tó kù ti di ohun tí yóò san lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí owó bá dé, ẹ fún un ní rìsíìtì, kí ẹ sì wo ìwé ìparí ọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó buwọ́ lù ú: kó dárúkọ ìbàjẹ́ tí owó náà wà fún, kó má sì bo èyí tí kò tíì hàn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe oníṣẹ́ tuntun, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo yàrá kó tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé.